Ìwádìí Tí Mo Ṣe sí Ilé Joëlle

10 février 2008, ọjọ́ Àìkú

Didier mú ọmọbìnrin wálé lẹ́yìn ìsìn. Joëlle lorúkọ ẹ̀. Ilé oògùn kan ní Biétry ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, mo gbà fún un. Ó fọwọ́ jẹ iyán, kò bèèrè ṣíbí, mo gbà fún un náà. Mo wá bi í pé ọmọ ta ni.

"Bàbá mi ni Tàjùdíìnì, Màmá, tó ń kan bẹ́ẹ̀dì ní Adjamé."

Mo ní mo gbọ́ ti bẹ́ẹ̀dì. Ilé wo?

"Wọ́n ní ẹ̀bá Sakété ni. Chez nous, nílé wa, wọn kì í sọ ọ́ púpọ̀."

Ilé tí wọn kì í sọ púpọ̀. Mo bu omi mu, mo ní kó máa jẹun lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tí bàbá ẹ̀ kú tó fi í sílẹ̀ fún mi lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tí mo fi èrè abọ́ tánganran rán dé yunifásítì, òun ni yóò lọ gbé ọmọ ilé-wọn-kì-í-sọ-ọ́ wá bá mi. Ká ní mo ti kú ni, ìyẹn yé mi.

13 février

Ìjà lánàá, ìjà lónìí. Didier ní, "Maman, ìlú wo, ìlú wo. Abidjan la bí èmi àti òun sí." Mo ní gbogbo ẹni tí wọ́n bí sí Abidjan ló ní ibi tí bàbá ẹ̀ ti wá. Èmi Dèbórà, ọmọ Àbúdù, ọmọ ilé Ògán ní Ìdí-Apá, ojú mi ni ìwé mi. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ hàn án: ilà mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, àti kékeré kan lábẹ́ ojú òsì. Bàbá mi sọ kó tó kú pé kékeré yẹn ò sí lójú ará ìta. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ọlọ́gbọ́n ni mí. Ilà olóyè ni.

Ó ní òun ti gbọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún. "Cent fois, Maman." Ó jáde. Mo ké tẹ̀lé e pé tó bá fẹ́ ẹ láìṣe ìwádìí, kó wá ìyá mìíràn tí yóò jókòó síbi ìgbéyàwó ẹ̀.

17 février

Mo rí Alàgbà Ọlọ́runṣògo lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ Sakété ni, ìbátan ẹ̀ kan ṣì ń gbé ibẹ̀, ó sì ní alùpùpù. Mo ní kó rán an lọ sí gbogbo abúlé ààlà títí dé Ìdí-Apá, kó bá mi wá ibi tí Tàjùdíìnì yìí ti ṣẹ̀ wá. Alàgbà ní ìwé kankan ò ní ràn wá lọ́wọ́. Ààlà Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì gba àárín àwọn ìlú yẹn kọjá ni, èèyàn sùn lọ́dọ̀ Faransé, oko ẹ̀ wà lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí Faransé bá ti ń kó èèyàn fún iṣẹ́ ipá, wọ́n á fò kọjá, wọ́n á sọ orúkọ mìíràn fún akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá béèrè owó orí, wọ́n á tún padà. Ọkùnrin kan lè ní orúkọ mẹ́ta nínú ìwé mẹ́ta.

Mo ní kí wọ́n fi ìwé sílẹ̀ nígbà náà. Kí wọ́n bèèrè ilà, kí wọ́n bèèrè èèwọ̀, kí wọ́n bèèrè oríkì. Àwọn ìyẹn ò mọ ààlà.

3 mars

Mo lọ sí ìsọ̀ Tàjùdíìnì bí ẹni tó fẹ́ ra àpótí ìjókòó. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, ó dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, kò ní ilà kankan. Ọmọbìnrin mẹ́rin ló bí, kò ní ọkùnrin. Mo ní oyún ń ṣe àbúrò mi kan, ẹran òkété ló ń wù ú, ṣé ó mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á? Irọ́ ni, mi ò ní àbúrò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Didier, ẹ má bi mí ní ti òkété, a kì í jẹ ẹ́ nílé wa."

Àwa náà kì í jẹ òkété. Mo rò ó títí mo fi dé ìsọ̀. Wọn ò lè jí èèwọ̀ lò bí ẹni jí aṣọ.

Oumarou tó ń ta bàtà lójúde ìsọ̀ Tàjùdíìnì ní òun náà ti tọrọ Joëlle lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà kọ̀. Mo ní kó tún tọrọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

31 mars

Àwọn obìnrin jáde sí títì nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ. Kílò ìrẹsì di quatre cents, irinwó faranki. Àwọn ọlọ́pàá yìn tajútajú. Mo ti ìsọ̀ pa ní agogo mẹ́wàá, mi ò ta ju abọ́ méjì lọ. Joëlle gba ọ̀nà ẹ̀yìn wá wò mí, ó mú omi tútù àti oògùn ojú wá. Mo ní ta ló rán an. Ó ní kò sẹ́ni tó rán òun. Ó fi oògùn náà sílẹ̀. Mo lò ó nígbà tó lọ tán.

18 avril

Iṣẹ́ dé láti Sakété. Ìbátan Alàgbà yẹn rìn dáadáa, Ọlọ́run á san án fún un. Alàgbà wá sọ ọ́ fún mi fúnra ẹ̀. Ó ní bàbá tó bí Tàjùdíìnì, Ìdí-Apá ló ti jáde. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, ilé wo? Ó wò mí. Ó ní, "Ilé Ògán."

Mo dìde, mo tún jókòó.

Ó ní àwọn tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ti kú tán, àwọn ọmọdé tó kù mọ̀ kìkì pé ilé náà ni. Ẹni kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù tó lè sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá Tàjùdíìnì lóbìnrin, Fatimata, kò sí nílé, Songon ló wà níbí, ó ti tó ọdún márùn-ún-dín-lọ́gọ́rùn-ún. Alàgbà ní, "Ìyá Didier, ẹ jẹ́ ká la ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà, àwọn ọmọ yìí ò lè fẹ́ra. Bí ẹ ò bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà tí ẹ sì jọ ti ilé kan jáde, a jẹ́ pé wọ́n ra ẹnì kan."

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló ní ilà olóyè lójú, ta ni ojú ẹ̀ ṣófo? Ìdí nìyí tí wọn kì í fi sọ ọ́ púpọ̀. Ẹrú bàbá mi ni wọ́n. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

27 avril

Mo yá rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Alàgbà. Mo fẹ́ kí ìyá arúgbó náà fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, kí Didier fetí ara ẹ̀ gbọ́ ọ. Mo bá Joëlle sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn oyin, mo ní mo fẹ́ lọ kí ìyá wọn. Inú ẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú ẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí díẹ̀, díẹ̀ ni.

3 mai, Sátidé

Mo fẹ́ kọ èyí lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní kà á mọ́.

A wọ gbaka, mọ́tò akérò kékeré, ní Adjamé ní agogo méje. Joëlle ló gbé àpò mi. Mo ra ṣúgà onígun páálí méjì àti mílíìkì. Ilé náà wà lẹ́bàá ọ̀sà, lẹ́yìn oko tó gbẹ̀yìn. Ìyá náà jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi ọsàn, ojú ẹ̀ ti funfun, kò ríran mọ́. Mo tẹ rédíò, mo fi ìborùn bò ó. Mo kí i, mo ní ọmọ Ìdí-Apá ni mí, èmi ni ìyá ọkọ tí Joëlle fẹ́ fẹ́. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú mi.

Ó ka ilà mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Nígbà tí ìka ẹ̀ kan kékeré tó wà lábẹ́ ojú, ó dúró síbẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́ nínú wọn?"

Mo ní ọmọ Àbúdù.

Ó pariwo orúkọ náà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Àbúdù tó ń pọ̀n mí lọ sódò. Àbúdù tó jẹ ẹgba nítorí mi. Joëlle, wá, wá wo ọmọ Àbúdù." Mo ní nínú ara mi pé ó dára, ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ fún ọmọ yìí bí bàbá mi ṣe jẹ́ nínú ilé yẹn, kó lè mọ̀." Ẹnu ara mi ni mo fi bèèrè.

Ó ní bàbá òun ló rà á. Lọ́wọ́ àwọn kan tó ń kó ọmọ bọ̀ láti òkè, nígbà tí ogun Faransé ti parí ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì ń ṣe é ní bòókẹ́lẹ́. Kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Òun ò tíì dáyé nígbà náà, ìyá òun ló sọ fún òun. Wọ́n kọ ilà ilé fún un, wọ́n sì fi kékeré kan kún un, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó bá rí i lè mọ̀ pé ẹni tí a rà ni èyí, a kì í fi ọ̀rọ̀ ìbí bá a ṣeré. Tó bá bímọ, wọ́n á kọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀ náà. "Ẹni tó bá pè é lẹ́rú nílé wa, àgbò ló máa san. Bàbá mi ní ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba."

Mo bi í pé ta ni baba ọ̀hún. Mi ò mọ ìdí tí mo fi bèèrè. Ó ní wọn ò mọ̀. Ọmọ náà ò mọ orúkọ ìlú ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi ń sunkún, wọ́n ń bi í, ìyá ẹ̀ nìkan ló ń pè.

Ó wá di ojú mi mú, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín ò papọ̀, àmọ́ ilé yín papọ̀. Ìgbéyàwó yìí mọ́. Ọlọ́run ló ṣe é, ọmọ Àbúdù á gbé ọmọ tiwa." Ọwọ́ ẹ̀ gbẹ, ó sì gbóná. Mo kórìíra ọwọ́ náà. Mo kórìíra ìyá náà, mo kórìíra bàbá mi tó jẹ́ kí n máa gbé ojú yìí ká ọjà fún ogójì ọdún.

Joëlle ló tún gbé àpò mi wọ gbaka. Nígbà tí a sọ̀ ní Adjamé, ó gbé àpò mi fún mi, ó ní, "Màmá, mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ká ní ó bú mi, ìbá sàn.

4 mai

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fa okùn kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, mo sun ún pẹ̀lú ìdọ̀tí.

6 mai

Didier ń bèèrè, Alàgbà ń bèèrè. Mo ní bátìrì kú lẹ́nu iṣẹ́, kásẹ́ẹ̀tì ò gba ohùn. Wọ́n ní kí ni ìyá náà wá sọ?

Gbogbo òru ni mo ti fi rò ó. Tí mo bá ní ẹrú ni wọ́n, Didier á ní kò kan òun, mo mọ ọmọ mi. Tí mo bá ní kó fẹ́ ẹ, ọmọ yẹn á máa gbé inú ilé mi, á máa bu omi fún mi, á máa wo ojú mi lójoojúmọ́, á sì mọ̀. Mi ò lè ṣe é. Ẹni tí ó bá lè ṣe é kó wá ṣe é.

Mo ní bàbá mi àti bàbá tó bí Tàjùdíìnì, ọmọ baba kan ni wọ́n.

Didier ní, "Donc, a jẹ́ pé kọ́sìn ni wá?" Alàgbà ní kò sí kọ́sìn lédè wa. "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni ọ́. Àbúrò ẹ ni." Didier yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó tún yọ ọ́.

8 mai

Alàgbà mú mi lọ bá Tàjùdíìnì. Ó to ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo ń wo ilẹ̀. Igi gbígbẹ́ kún gbogbo ibẹ̀. Tàjùdíìnì gbé ayùn ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ òótọ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ìyá arúgbó náà, mo rí i lójú ẹ̀. Mo ń retí kó la ẹnu ẹ̀ kó pa mí.

Ó ní, "Ohun tí màmá wa bá sọ fún Ìyá Didier náà ni." Ó ní kí wọ́n wá omi fún wa.

Àgbò kan ṣoṣo ni ìtanràn náà, ó sì lówó àgbò. Mi ò mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

15 mai

Òjò láti àárọ̀. Joëlle wá sí ìsọ̀ mi, aṣọ ẹ̀ rin gbindin. Kò kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó dúró.

Ó ní, "Màmá, ẹ sọ fún Didier pé ẹ ṣì í gbọ́ ni. Ẹ sọ pé etí yín ni. Èmi á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní sọ èkejì láé, mo fi Ọlọ́run búra."

Mo ní èwo ni èkejì?

Ó wò mí. Ìgbà yẹn ló wá kúnlẹ̀, nínú omi, láàárín àwọn abọ́. "Màmá àgbà ní ẹni tó bá sọ ọ́ nínú wa, òun ò ní dárí jì í. Torí náà mi ò lè sọ ọ́ fún Didier. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbà mí."

Oníbàárà kan ń bèèrè iye ìkòkò. Mo dá oníbàárà náà lóhùn. Mo ṣàlàyé pé oríṣi méjì ló wà, ti Ṣáínà ò lágbára. Nígbà tí mo yíjú padà, Joëlle ti ń lọ. Mo ta ìkòkò náà.

11 juin

Didier ti rù. Ó ń jẹun tí mo bá ní kó jẹ, ó ń sùn tí mo bá ní kó sùn. Ó ní òun kàn jí lọ́jọ́ kan, òun bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ara òun, pé òun ti fọwọ́ kan àbúrò òun. Mo ní kó má sọ irú ẹ̀ mọ́. Mo ní kó lọ rí pásítọ̀. Ó ti rí pásítọ̀. Pásítọ̀ ní kó gbààwẹ̀.

Òjò ba páálí abọ́ mẹ́fà jẹ́.

5 juillet, Sátidé

Agogo méje àárọ̀ ni wọ́n kan ìlẹ̀kùn. Tàjùdíìnì ni, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, òun àti Joëlle. Wọ́n wá túfọ̀ fún mi. Ìyá Fatimata kú ní ìdájí, wọ́n á sin ín kí oòrùn tó mú. Ó ní, "Ọmọ ilé ni yín, a ò lè sin ín láìsọ fún yín."

Didier ti wọ bàtà. Ó ní, "Maman, àbúrò bàbá yín ló kú, ẹ ò ní sunkún?"

Mo sunkún. Ẹkún náà kì í ṣe irọ́, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń sun ún fún. Ní Songon wọ́n fi mí síwájú láàárín àwọn obìnrin ilé. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyá náà ti gbọ́ pé ìgbéyàwó ò ṣeé ṣe mọ́ ni kò ti jẹun dáadáa. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìdí. Ó kàn ní kí wọ́n máa kí ọmọ Àbúdù.

12 juillet, ọjọ́ kẹjọ

Wọ́n fún mi ní ìpín bí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ inú ilé, ẹran, àkàrà, àti gèlè ìyá olóògbé náà kan. Kò sẹ́ni tó wò mí ní ìwòkuwò. Joëlle ń gbé oúnjẹ fún àwọn ọkùnrin. Nígbà tó dé iwájú Didier, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó dá a lóhùn. Ó ní, "O ṣé, àbúrò." Mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ẹnì kan wá bu omi fún mi, mo mu ún.

24 août, ọjọ́ Àìkú

Oumarou oníbàtà ti tọrọ Joëlle lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì ti gbà fún un. Décembre ni ìgbéyàwó. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu Didier lónìí, nígbà tí a jẹun ọ̀sán tán. Ó ti ń lọ sí ọ̀dọ̀ Tàjùdíìnì ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́ bí èèyàn ṣe ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ó ní Tàjùdíìnì bẹ òun pé níwọ̀n ìgbà tí kò ti bí ọkùnrin, òun ni kó dúró fún ilé Ògán lọ́jọ́ náà, kó fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́.

Mo ní ṣé ó gbà.

"Maman, ta ló tún kù?" Ó jókòó tì mí. Ó ní Yorùbá òun ò tó, òun ò fẹ́ dójú ti ilé. Kí n kọ́ òun ní ohun tí wọ́n máa ń sọ.

Mo ní kí Alàgbà kọ́ ọ. Ó ní rárá, èmi ni, ilé bàbá mi ni.

Mo wá kọ́ ọ. Mo ní á kọ́kọ́ kí àwọn àna, á wá dá owó orí wọn padà fún wọn, á di ọwọ́ ìyàwó mú, á ní: ọmọ wa rè é. A ò tà á, ilé wa kì í ta ọmọ. Ọmọ ẹni iyì ni, kì í ṣe ẹrú, ẹ má fojú ẹrú wò ó.

Ó kọ ọ́ sórí páálí ìrẹsì kan, ó ń kà á tẹ̀lé mi. A tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, kò wo páálí mọ́.